Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Èbúté Àtijọ́ Wà Níkàwọ́ Yín: Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀ Náà

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ilẹ̀ èbúté, ẹ̀yin tí ẹ máa buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ náà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán àdúgbò tuntun náà ti wà lórí tábìlì yín báyìí: ilé gíga tó kọjú sí omi, koríko lórí òrùlé, àwọn ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́, oòrùn tó ń tàn lójú omi. Mi ò bá àwòrán náà jà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí kò sí nínú rẹ̀ rárá, torí pé abẹ́ ilẹ̀ ló wà, àti inú ìwé àdéhùn. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ mọ ibi tí omi máa gbà wọlé, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ èrò dé ibẹ̀, ẹ pinnu irú èèyàn tó máa lè gbé ibẹ̀, kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ṣófo kò fara sin. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ideal X gbéra ní Newark ní Amẹ́ríkà, ó forí lé Houston, kọ̀ńténà 58 sì wà lórí rẹ̀. Malcom McLean, ẹni tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò tẹ́lẹ̀, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, èjìká ni alábàárù fi ń ru àpò kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì lè dúró létí omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó já ẹrù rẹ̀ tán. Nígbà tí kọ̀ńténà gbilẹ̀, ọkọ̀ ń tóbi sí i lọ́dọọdún, wọ́n ń fẹ́ omi jíjìn àti pápá gbalasa tí wọ́n máa to ẹrù sí, èbúté àárín ìlú ò sì gbà wọ́n mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti East India Dock pa ní 1967, wọ́n ti St Katharine ní 1968, wọ́n sì ti Royal Docks ní 1981. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú púpọ̀ káàkiri ayé ṣe bá ara wọn pẹ̀lú ilẹ̀ ńlá láàárín ìgboro, létí omi, tí ìjọba fúnra rẹ̀ sì ni ín. Tí ẹ bá tà á tán, irú rẹ̀ kò ní bọ́ sọ́wọ́ yín mọ́ láyé ẹni kankan tó wà láàyè lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń yára jù. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ èbúté ló jẹ́ pé èèyàn ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Yanrìn tí wọ́n wà jáde nínú omi ni, pẹ̀lú àwókù ilé, eérú àti pàǹtírí ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń dà sínú omi títí tó fi di ilẹ̀. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀, tí wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n ti já èédú, tí wọ́n ti fa epo sínú táǹkì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjé inú ọ̀dà, asibẹ́sítọ́sì tí wọ́n fi wé páìpù gbígbóná, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun òpó igi kó má baà jẹrà, epo tó jò láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí wọ́n dà sí náà ni wọ́n ṣì wà.

Ẹ wo ọ̀kan péré. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n máa ń kùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, apá tó ń wà nínú omi, kí ewéko àti ìkarahun má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ tributyltin ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ àti ohun tó ń gbé jẹ́jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Abo àwọn ìgbín òkun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hu ẹ̀yà ara akọ, títí wọn ò fi lè yé ẹyin mọ́. Àdéhùn àgbáyé tó fòfin dè é pátápátá fìdí múlẹ̀ ní 2008. Ẹrẹ̀ tó ti mu ún ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ àwọn èbúté. Ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹrẹ̀ kí ọkọ̀ èrò lè rí ibi gúnlẹ̀ sí, á tún dìde sínú omi.

Ẹ ní kí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò fi iṣẹ́ wọn hàn yín. Wọ́n á ti páìpù wọlẹ̀, wọ́n á fà á padà, ilẹ̀ á sì bá a jáde ní gbọọrọ, ó nípọn tó apá. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á là á. Lókè pátápátá, òkúta wẹ́wẹ́ àti bíríkì fífọ́. Lẹ́yìn náà, ìpele dúdú kan tó ń rùn bí epo. Lábẹ́ rẹ̀, yanrìn tó mọ́ lójú. Lábẹ́ yanrìn, dúdú mìíràn. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú ìpele kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, wọ́n á kọ bó ṣe jìn tó sí ara ìgò náà, ó di ilé àyẹ̀wò. Ihò kan lè sọ pé ilẹ̀ mọ́, kí èyí tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i kún fún májèlé, nítorí pé táǹkì kan ló jò níbẹ̀ láyé ìjọsí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ihò mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n bá gbẹ́ kí ìwé lè tètè jáde, ẹ̀tàn ni. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbẹ́ àwọn kànga kéékèèké tí wọ́n á fi máa ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀, torí pé omi yẹn ń lọ ó ń bọ̀ bí òkun ṣe ń kún tó ń fà, ó sì ń gbé májèlé kiri. Òmíràn nínú májèlé náà a máa di afẹ́fẹ́, á gba ibi tí ilẹ̀ ilé ti sán wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

Ìwẹ̀nùmọ́ ilẹ̀ sì ní ọ̀nà púpọ̀. Wọ́n lè hú ilẹ̀ náà kó lọ, èyí tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń gbé e fún. Wọ́n lè bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ àti ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n lè fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n bọ́ àwọn kòkòrò tín-ín-tín inú rẹ̀ kí wọ́n lè jẹ epo náà tán. Ní Seattle, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe gáàsì látinú èédú kógbá sílé ní 1956. Richard Haag, ẹni tó ń ṣètò ọgbà, ní kí wọ́n má wó àwọn ilé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì po oríṣiríṣi nǹkan tó ń bọ́ kòkòrò ilẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ náà. Ní 1975 wọ́n ṣí i fún aráàlú bí ọgbà ìgbafẹ́, àwọn èèyàn sì ń gbádùn rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ọ̀dà dúdú abẹ́ rẹ̀ kò tán. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ṣì tún padà wá wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ títa ilẹ̀ ti wọ ọ́: bí májèlé bá tún yọjú lẹ́yìn ogún ọdún, tí ilẹ̀ náà sì ti pín sọ́wọ́ ọgbọ̀n onílé, ta ni yóò wà á? Ilé iṣẹ́ tó ba ilẹ̀ jẹ́ lè má sí mọ́ nígbà yẹn, akọ́lé-tà á ti gba èrè rẹ̀ lọ, onílé á máa wo ìjọba lójú, ìjọba á máa wo onílé.

Ọ̀nà mìíràn wà tó ń fẹ́ sùúrù, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Ní àríwá Amsterdam, ibi kan wà tí wọ́n ń pè ní De Ceuvel, tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì bà jẹ́. Ìjọba ìlú kò tà á. Wọ́n yá a fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ayàwòrán ilé fún ọdún 10. Àwọn wọ̀nyí wọ́ ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ gun orí ilẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di ibi iṣẹ́, wọ́n fi pákó ṣe afárá tó gbé ẹsẹ̀ èèyàn kúrò lórí erùpẹ̀, wọ́n wá gbin ewéko tó ń fa májèlé sára yí gbogbo rẹ̀ ká. Wọ́n ṣí i ní 2014. Ilẹ̀ tí ìlú kò tíì mọ ohun tó máa fi ṣe ń wúlò, ọwọ́ ìlú ló sì ṣì wà.

Nígbà míì, ilẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ á tún fún èèyàn ní ohun tí kò retí. Ní Port Lands, ilẹ̀ èbúté ìlú Toronto ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti fi agbára yí odò Don sínú ọ̀gbun kọ́ńkéré láyé àtijọ́, wọ́n wá gbẹ́ ojú ọ̀nà tuntun fún odò náà kó lè máa tàn ká bí odò. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ tí wọ́n fi bo àbàtà ibẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn irúgbìn àbàtà tó ti sùn sábẹ́ rẹ̀ rí oòrùn, wọ́n hù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa katakata tí wọ́n déédéé rí ewé tútù lórí erùpẹ̀ tí wọ́n hú.

Ó kan omi. Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Létí òkun, òjò nìkan kọ́ lẹ máa bá wí. Òkun ń ga sí i, ìjì sì ń tì í wọlé. Hamburg ní Jámánì mọ̀ ọ́n dénú egungun: ìkún omi ọdún 1962 pa èèyàn 315 ní ìlú náà. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ èbúté àtijọ́ wọn di HafenCity, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 157, wọn ò mọ odi yí i ká. Wọ́n gbé ilé lórí pèpéle títí tó fi ga tó mítà 8 sí 9 ju òkun lọ, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nínú pèpéle náà, ilẹ̀kùn irin sì wà tí wọ́n máa ń tì nígbà tí omi bá ń bọ̀. Etí omi gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí omi máa bò ó nígbà ìjì, kó sì tún padà. Àwọn títì àti afárá náà ga, kí panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn lè wọlé wọ́n sì lè jáde nígbà tí gbogbo ìsàlẹ̀ bá wà lábẹ́ omi.

Ohun tí mo ń fà jáde níbẹ̀ ni pé gíga ilé gbọ́dọ̀ bá gíga títì mu, títì gbọ́dọ̀ bá afárá mu. Ẹni tó ta ilẹ̀ ní abala-abala fún ẹni tó bá lówó jù kò lè ṣe irú rẹ̀. Hamburg lè ṣe é nítorí pé iléeṣẹ́ tí ìlú nìkan ni ló di ilẹ̀ náà mú.

Bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ gan-an yẹ kí ẹ kà dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá yan kò ní sanwó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fi ilẹ̀ náà pamọ́ fún un fún àkókò kan, kó ya àwòrán, kó gbé e wá, kí ìlú yẹ̀ ẹ́ wò, kó gba ìwé àṣẹ. Ìgbà náà ló tó sanwó. Bí kò bá ṣe bó ṣe ṣèlérí, ìlú á gba ilẹ̀ wọn padà. Fún ilẹ̀ ilé gbígbé, èrò tó gbé wá ni wọ́n fi ń ṣe ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìdájọ́, owó tó fẹ́ san kò ju 30 lọ. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀ gbówó lórí gan-an, àwọn èèyàn sì pariwo, wọ́n sì tọ̀nà. Ní àwọn apá tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fowó kún kí owó ilé má baà ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n lè tún un ṣe torí pé ilẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ wọn láti fi ṣe é.

Ẹ wá fi èyí wé Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1981 láti tún ilẹ̀ èbúté ṣe, wọ́n ń pè é ní London Docklands Development Corporation. Àjọ náà gba agbára kúrò lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí bàbá wọn ti jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté, rí i pé ọ́fíìsì àti ilé olówó ńlá ló ń bọ̀, tí kò sí èyí tí wọ́n máa lè gbà yá nínú rẹ̀. Ní 1984, wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba orí odò Thames lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti lọ fẹ̀hónú hàn. Ẹ̀yin aláṣẹ, bí àwọn ará àdúgbò yín bá ní láti gun ọkọ̀ wá bá yín kí ẹ tó gbọ́ ohùn wọn, iṣẹ́ ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìnnà náà tún wà ní ìlú yẹn. Réluwé kékeré kan dé ibẹ̀ ní 1987. Ilé gíga àkọ́kọ́ ní Canary Wharf, ibùdó ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ èbúté náà, parí ní 1991, àmọ́ ọkọ̀ tó lè gbé èrò tó pọ̀ tó kò sí. Ní 1992, Olympia & York tó kọ́ ọ wọ gbèsè, kò lè san. Ọdún 1999 ni Jubilee Line, réluwé abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé èrò púpọ̀, tó dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ṣe dúró de réluwé. Copenhagen fẹ́ ṣe é ní òdìkejì: iléeṣẹ́ By & Havn, tí ìlú ni ìdá 95 rẹ̀ tí ìjọba orílẹ̀-èdè ni ìyókù, ń lo iye tí ilẹ̀ èbúté ń gbówó lé láti fi ran iṣẹ́ réluwé abẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ náà sì dé Nordhavn, àdúgbò tuntun lórí ilẹ̀ èbúté ibẹ̀, ní 2020 nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣì ń lọ. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbì kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá ní gbèsè réluwé láti san, ẹni tó ń tà á á máa wá owó tó ga jù, owó ilé á sì tẹ̀lé e. Ẹ kọ iye ilé olówó kékeré sínú òfin kí gbèsè tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ilé tí kò ba àyíká jẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ní Malmö ní Swídìn, lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ Kockums tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ṣe ìpàtẹ ilé kan tó ń jẹ́ Bo01 ní 2001. Kírénì ńlá ilé iṣẹ́ náà, tó ga ní mítà 138, wọ́n tà á fún Hyundai ní dọ́là kan, wọ́n tú u gbé lọ sí Kòríà Gúúsù ní 2002. Omijé Malmö ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àdúgbò tó rọ́pò rẹ̀ dára. Ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń fún un ní iná àti ooru. Àgbàrá kì í gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó ń ṣàn lójú táyé ń rí i, nínú gọ́tà tí wọ́n fi òkúta ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, gba inú adágún kéékèèké títí dé òkun. Akọ́lé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó máàkì ewéko jọ: igi, ewé tó ń gun ògiri, adágún, ilé ẹyẹ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá wọn iná tí ilé ń jẹ, ọ̀pọ̀ ilé kọjá ààlà 105 kWh (kilowatt-hour, òṣùwọ̀n iná) fún mítà onígun mẹ́rin kan lọ́dún tí wọ́n fi lélẹ̀. Fèrèsé gíláàsì ńlá tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn nínú àwòrán wà lára ohun tó fà á. Ká ní wọn ò wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí èèyàn kó wọlé ni, ìyìn lásán là bá máa kà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pé wọ́n á wọ̀n ọ́n ní ọdún kejì àti ọdún karùn-ún, àti pé owó kan á wà lọ́wọ́ yín tí akọ́lé kò ní rí gbà títí wọ́n á fi wọ̀n ọ́n.

Hammarby Sjöstad ní Stockholm, àdúgbò tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ èbúté àti ilé iṣẹ́ àtijọ́, gbìyànjú púpọ̀ pẹ̀lú. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń fa pàǹtírí lọ, ooru inú omi ẹ̀gbin ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná, ọkọ̀ ojú omi tí èrò ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sì ń gbé wọn sọdá. Àmọ́ wọ́n ṣírò pé àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn ti kúrò nílé ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tọkọtaya ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ló ya wọ̀ ọ́, ìlú wá ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sí. Bí gbogbo ilẹ̀ bá ti tà tán, kò sí ibi tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa jókòó sí.

Ẹ dá àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó ṣì lágbára sí. Kọ́ńkéré àti bíríkì wọn ti jẹ iná àti èédú tán láti ọjọ́ pípẹ́. Wíwó wọn láti tún kọ́ òmíràn ń da èéfín tuntun sójú ọ̀run. Ní Nordhavn, ilé ìkó-ọkà gíga kan ti di ilé gbígbé, ó sì dára. Bí apá kan èbúté bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó bá rà tàbí gba ilé nítòsí pé ariwo wà níbẹ̀ kó tó dé, kí ọmọ àlejò má baà pe ẹjọ́ lé oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ kúrò. Àwọn alágbẹ̀dẹ irin, àwọn tó ń tún ọkọ̀ kéékèèké ṣe, àwọn tó ń gba ẹja, ẹ wá àyè fún wọn lórí ilẹ̀ náà, kí owó tí wọ́n ń san fún un má sì ju agbára wọn lọ.

Ẹ kó ilẹ̀ náà pamọ́ sábẹ́ iléeṣẹ́ tí ìlú ni, ẹ máa yá a fún ọ̀pọ̀ ọdún dípò kí ẹ máa tà á, ẹ sì jẹ́ kí aṣojú àwọn ará àdúgbò jókòó sí ìgbìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lóṣù yìí kan náà, tí kò nílò owó ńlá. Ẹ tẹ àbájáde gbogbo ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sí ilẹ̀ náà jáde, pẹ̀lú máàpù tó fi ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà hàn, bó ṣe jìn tó, àti ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ní èdè tí ará ìlú lè kà. Bí ihò náà kò bá tó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbẹ́ ìyókù. Títí ìwé yẹn yóò fi jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìpolówó títa ilẹ̀ náà dúró.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ará ìlú kan